ỌMỌ PÁSÍTỌ̀ KỌ́ ERÉ NÍLÉ BÀBÁ ÀGBÀ ÀWÒRÒ!

Ẹ̀yin oníṣòwò Balógun, ẹ̀yin télọ̀ àti ẹ̀yin aláṣọ, àìmọye ìgbà lẹ ti kọjá lẹ́bàá Gbọ̀ngàn Glover ní Customs Street. Ẹrù wà lórí, oníbàárà ń pè, ta ló ráyè dúró wo ilé? John Glover, gómìnà táwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, ni wọ́n fi gbọ̀ngàn náà sọrí. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá kan ti ṣeré lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, tí eré orí ìtàgé Yorùbá kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Hubert Ògúńdé lorúkọ ọlọ́pàá náà.

Eré ìjọ ni. Ìjọ Olúwa Aládùúrà tó wà ní Ẹbúté Mẹ́ta ló fẹ́ rówó kọ́ ilé ìsìn. Ọgbà Ídẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ṣe níbẹ̀, ìtàn Ádámù àti Éfà tí gbogbo wa mọ̀. Ẹlòmíràn á ní kò yani lẹ́nu, ọmọ pásítọ̀ ṣá ni. Òótọ́ sì ni. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Jeremiah Ògúńdé tó bí i ní Òṣósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 1916.

Ẹ dúró ná! Ilé méjì ló tọ́ ọmọ yìí. Nígbà èwe rẹ̀, ó gbé lọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀. Bàbá àgbà yìí kì í ṣe oníbíbélì rárá. Àwòrò ni, ẹlẹ́sìn àbáláyé pọ́ńbélé. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ pásítọ̀ ti mọ ọdún Ifá, ọdún Ògún àti ọdún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, orin ìjọ; lọ́jọ́ ọdún, ìlù òrìṣà. Ọmọdé wo ló máa gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Kò gbàgbé o. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bá eégún alárìnjó jáde, ó sì bá ẹgbẹ́ Dáramọ́lá Àtẹ̀lé ṣeré. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 12, ó wá sí Èkó, ó sì lọ sí St. Peter's ní Faaji láti 1928 sí 1930. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé Faaji sí Balógun, ẹsẹ̀ ló ń gbé èèyàn débẹ̀.

Àwọn ìjọ ti ń ṣe eré olórin kí Ògúńdé tó dé, ṣùgbọ́n orin ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn akọrin á dúró gbagidi bí òpó iná. Òun ló mú ijó àti ìṣesí wọ̀ ọ́. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1945, orin àti ijó ló fi ń ṣí eré, bí alárìnjó ṣe ń júbà kó tó bọ́ sí agbo. Ogún bàbá àgbà nìyẹn, ó kàn wọ bàtà ni.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1946, nígbà tó ń wá obìnrin tí yóò máa gbowó oṣù nídìí eré. Kò sẹ́ni tó yọjú! Alágbe ni wọ́n ń pe eléré nígbà yẹn. Ló bá yíwọ́ padà, ó kéde pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Àwọn ọmọge dé, wọ́n sì bá ìtàgé níbẹ̀ dípò tábìlì. Àwọn òbí fárí gá. Ká sòótọ́, ta ni kò ní bínú tó bá rán ọmọ níṣẹ́ akọ̀wé, tó wá gbọ́ pé ó ń jó ní gbangba? Kí wọ́n má baà kó ọmọ wọn lọ, Ògúńdé kúkú ń fi àwọn òṣèré náà ṣaya. Ẹgbẹ́ di ilé, ilé di ẹgbẹ́.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ padà sí. Lọ́dún 1979 ni sinimá Aiyé jáde, tó ti kọ́kọ́ jẹ́ eré orí ìtàgé. Ògúńdé ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Ó tún ṣe é nínú Jáyésinmi lọ́dún 1980. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990, ó kú sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ pásítọ̀ ló ṣe babaláwo yẹn o, kò sì jọ ẹni tó há a sórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Aiyé nígbà náà, tẹ́ ẹ sá kúrò lórí àga nígbà táwọn àjẹ́ jáde, ojú ìwé lẹ́tà ń dúró dè yín.