Ẹ̀rọ awárin: ohun tó lè rí àti ohun tí kò lè rí lábẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Góòlù wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ yẹ̀pẹ̀ odò wá a ní Ìgún àti Ìtàgúnmọ́di. Ní oṣù Keje ọdún 2021 sì ni ilé iṣẹ́ Thor Explorations yọ́ góòlù àkọ́kọ́ ní ibùdó ìwakùsà Sẹ̀gilọlá, nítòsí Ìperindó. Ẹni tó bá gbọ́ èyí, tó tún rí ẹ̀rọ awárin olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò lè ṣàì rò ó pé ọ̀nà àbùjá sí owó ti là. Ìtàn ilẹ̀ òkèèrè náà ń ti èèyàn síbẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2009 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Terry Herbert gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ oko kan ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì bá ìṣúra góòlù àti fàdákà àtayébáyé pàdé. Iye tí wọ́n dá lé e ju 3 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ.

Ṣùgbọ́n góòlù ti Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀rọ olùbẹ̀rẹ̀ lè rí. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ là yé yín, kí owó ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ má baà ṣòfò.

Àwo pẹrẹsẹ kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ náà, okùn bàbà tí wọ́n wé ló wà nínú rẹ̀. Iná bátìrì ń lọ síwá-sẹ́yìn nínú okùn yìí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì ń sọ ọ́ di òòfà tí agbára rẹ̀ ń wọ inú ilẹ̀. Bí agbára náà bá kan irin, bàbà, góòlù tàbí alumíníọ̀mù, iná tíntín á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú nǹkan ọ̀hún, òun náà á sì ní òòfà tirẹ̀. Òòfà kékeré yìí ni okùn kejì tó wà nínú àwo náà ń mọ̀ lára, tí ẹ̀rọ á sì dún. Ohun tí iná kò bá lè rìn nínú rẹ̀ kì í sábà dún. Nítorí náà, owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, àti orí amọ̀ sísun irú ti Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ yìí á gba orí gbogbo wọn kọjá láìfọhùn.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Garfield ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1881, Alexander Graham Bell gbé irú rẹ̀ wá láti fi wá ọta nínú ara rẹ̀. Kò rí i. Apá ọ̀tún ara nìkan ni dókítà jẹ́ kó yẹ̀ wò, irin inú bẹ́ẹ̀dì sì tún ń da ẹ̀rọ rú. Títí di òní, irin tó wà nítòsí ṣì máa ń tan ẹ̀rọ jẹ: àdá, ọkọ́, fóònù inú àpò.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí góòlù. Nínú òkúta Sẹ̀gilọlá, nǹkan bíi gíráàmù 4 ni wọ́n ń rí nínú tọ́ọ̀nù kan, ó sì fọ́n ká wẹ́wẹ́ nínú iṣan òkúta quartz. Èyí tí òjò àti odò gbé wá sí ìsàlẹ̀ Ìgún àti Ìtàgúnmọ́di jẹ́ èérún tó dà pọ̀ mọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ olùbẹ̀rẹ̀, tó sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní bíi kilohertz 7 sí 15 (ìyẹn ẹgbẹ̀rún 7 sí 15 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), dára fún owó onírin, òrùka àti ìṣó. Àwọn kan lára èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún góòlù máa ń ṣiṣẹ́ ní kilohertz 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ wóró tó ṣeé fojú rí dáadáa ni àwọn náà ń wá. Èérún tó kéré sí wóró iyọ̀ kò ní dún létí wọn. Fífọ yẹ̀pẹ̀ nínú omi ló ń mú un jáde. Ilẹ̀ pupa wa tún ń dá kún un: irin ló pọ̀ nínú yangí, ẹ̀rọ tí kò bá ní ọ̀nà láti bá ilẹ̀ mu á máa ké ṣáá. Ní aṣálẹ̀ Mauritania lọ́dún 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn gbé ẹ̀rọ awárin lọ sí agbègbè Chami nítorí pé wóró góòlù wà nítòsí ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tiwọn kì í ṣe ilẹ̀ tiwa.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún èyí tí wọ́n ní ó lè tọ́ka sí góòlù láti ọ̀nà jíjìn, tó ní eriali tó ń yí kiri. Kò sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James McCormick ta irú rẹ̀, ADE 651, fún ìjọba Iraq pé ó ń rí bọ́ǹbù, òfìfo ni. Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Èèyàn ti kú nítorí pé àwọn ṣọ́jà gbẹ́kẹ̀ lé e ní ojú ọ̀nà.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ́ ọ, inú ọgbà ilé ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ri ìṣó, owó náírà onírin, bébà alumíníọ̀mù àti òrùka sínú ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fetí mọ ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fi àwo náà lọ síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń gbálẹ̀, kó sún mọ́ ilẹ̀, kó má yára. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bébà alumíníọ̀mù, ìdérí agolo ọtí àti òrùka wúrà tínrín máa ń dún bákan náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ má dá pàǹtírí lóhùn, ó ti ní kó fo òrùka ìgbéyàwó náà nìyẹn. Ó sàn kéèyàn gbẹ́ pàǹtírí púpọ̀.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹnì yòówù kó ni ilẹ̀. Ìwé àṣẹ láti Àbújá ni wọ́n fi ń wà á. Òfin ọdún 1979 lórí àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì ka wíwú ohun àtijọ́ láìgbàṣẹ léèwọ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sórúkọ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni yóò gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ó dùn mí gan-an pé omi odò Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó náà kọjá ti pọ́n nítorí ẹrẹ̀ ìwakùsà láti òkè odò.

Iṣẹ́ tó yẹ ẹ̀rọ náà kò ṣọ̀wọ́n. Páìpù onírin tí ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tó gbà mọ́, òrùka tó bọ́ sínú koríko níbi àríyá, ọ̀pá irin inú bíkìn tí koríko ti bò nígbà tí mọ̀lẹ́bí méjì ń jà sí ààlà ilẹ̀: gbogbo wọn wà láàárín ìwọ̀n tí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè gbọ́.