Ẹ Mọ Àdúgbò Kí Ẹ Tó Ra Ilé

 

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n ilé mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí olówó rẹ̀ sinmi. Bí òjò bá ṣú, àyà rẹ̀ a máa já. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, a rò pé ìwé kóòtù ni ó mú wá. Owó tí ó fi ogún ọdún kó jọ ni ó fi ra ilé náà. Òrùlé rẹ̀ dára, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ń dán. Ohun tí ó gbàgbé láti wò ni àdúgbò.

Bí òrùlé bá ń jò, a lè pààrọ̀ páànù rẹ̀. Bí ògiri bá sán, bíríkìlà yóò fi sìmẹ́ǹtì dí i. Bí fèrèsé bá kéré, káfíńtà yóò fẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé bá dúró lójú àgbàrá, tàbí bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ilẹ̀ tí ẹbí ń jà sí, kò sí bíríkìlà tí ó lè tún un ṣe. Ẹni tí ó ra ilé ti ra àdúgbò mọ́ ọn.

Ìlú Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú àtijọ́ ni, àwọn àdúgbò rẹ̀ kò sì rí bákan náà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í wo àdúgbò ní Ìbàdàn yóò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a mú dání. Ta ni ó tẹ àdúgbò yìí dó, ta ni ó sì ni ilẹ̀ rẹ̀? Níbo ni omi ń gbà kọjá? Irú ìgbé-ayé wo ni wọ́n ń gbé níbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru?

BÍ ÌLÚ NÁÀ TI GBÒÒRÒ

Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ibi tí Ìbàdàn wà lónìí, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá. Ní 1830 àwọn Ẹ̀gbá kó lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó kù sọ àgọ́ ogun di ìlú. Wọ́n yí Òkè Màpó àti Ọjà Ìba ká, olúkúlùkù ìjòyè ogun sì kọ́ agbo-ilé fún ara rẹ̀ àti gbogbo ènìyàn rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú jókòó sí ibi tí à ń pè ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí di òní. Balógun Ìbíkúnlé kọ́ ilé tirẹ̀ sí Ayéyé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní àárín ìlú àtijọ́, bí ẹ bá béèrè ilé ènìyàn, orúkọ agbo-ilé ni wọn yóò fi júwe rẹ̀ fún yín.

Ìlú kejì ni èyí tí ọkọ̀ ojú irin mú wá. Ní 1901 ni reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn. Ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó pọ̀ sí Gbági àti Dùgbẹ̀, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú àtijọ́, àwọn àlejò sì ń wọ́ wá láti wá iṣẹ́ àti ọjà. Orúkọ Èkótẹ̀dó fúnra rẹ̀ sọ ẹni tí ó dó síbẹ̀. Ní 1916 a ya Sábó sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá. Ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú àti àlejò mìíràn kọ́lé sí Òkè-Àdó.

Ìlú kẹta ni èyí tí ìjọba là sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ìjọba gbé Agodi, Ìyágànkú àti Jẹ́ríkò, níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì, tí igi sì wà láàárín wọn. Ní 1958, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ilé kíkọ́, iṣẹ́ wọn ni ó sọ Bódìjà di àdúgbò tí a wọn ilẹ̀ rẹ̀, tí a sì la títì rẹ̀ kí ilé tó dé.

Yíká gbogbo ìwọ̀nyí ni abúlé oko àwọn ọmọ Ìbàdàn wà. Ìlú ti gbòòrò títí ó fi gbé púpọ̀ nínú wọn mì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ń wá ilẹ̀ lónìí ń lọ.

ILẸ̀ TA NI?

Bí wọ́n bá fi ilé hàn yín ní àárín ìlú àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè agbo-ilé tí ó wà nínú rẹ̀. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Bàbá-ńlá ni ó kọ́ ọ, gbogbo ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni ó ni ín. Láyé àtijọ́ inú ilé ni a máa ń sin òkú sí, nítorínáà sàréè àwọn àgbà wà nínú ọ̀pọ̀ ilé náà. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò tà á ní kọ́rọ́ ń ta ibi tí bàbá ẹlòmíràn sùn sí.

Mọ́gàjí ni à ń pe olórí agbo-ilé ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn kóòtù ti máa ń dá ọ̀ràn ilẹ̀ ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò sí nínú rẹ̀, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbààgbà ẹbí, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì yí i padà. Nítorínáà, kí olórí ẹbí àti àwọn tí ó dúró fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan jọ fọwọ́ sí ìwé, kí lọ́yà olùrà sì wà níbẹ̀ kí owó tó jáde.

Ẹ má rò pé Èkótẹ̀dó tàbí Òkè-Àdó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀ràn yìí. Bí ẹni tí ó dá kọ́ ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé náà a di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Àkọ́bí tí ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé kò lè dá a tà. Ní àdúgbò tí ìjọba là sílẹ̀, ẹ wo ìwé ilé náà dáradára. Bí a bá fi ilẹ̀ náà fún ni fún iye ọdún kan pàtó, ẹ béèrè iye ọdún tí ó kù.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa bójútó o fún gbogbo ará ìlú. Ẹbí tí ó ti ń lo ilẹ̀ rẹ̀ ṣáájú kò tìtorí èyí pàdánù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ ti ìjọba tí ó sì fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Kí lọ́yà lọ yẹ ìwé náà wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Kí awọnlẹ̀ lọ wò ó bóyá ilẹ̀ tí ó wà nínú ìwé ni ilẹ̀ tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ní ẹ̀bá ìlú, ẹ wá baálẹ̀ abúlé náà rí, kí ẹ sì bá àwọn tí ó ti kọ́lé síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ wá gba owó lọ́wọ́ wọn: nígbàtí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni, tàbí nígbàtí wọ́n ń kan òrùlé pẹ̀lú? Ǹjẹ́ ẹbí méjì ń pe ilẹ̀ náà ní tiwọn? Ẹni tí ó ti san owó nìkan ni ó lè sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

NÍBO NI OMI Ń GBÀ?

Ìlú olókè ni Ìbàdàn, omi orí òkè a sì máa wá ìsàlẹ̀. Ògùnpa, Kúdẹ̀tì, Ogbèrè àti Ọnà wà lára àwọn odò tí ń gba omi náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Ògùnpa sì kún bo bèbè rẹ̀. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà fún odò náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú náà. Afárá wó, ilé wó, ẹ̀mí sì tún ṣòfò.

Kí ni ó ń fà á? Ilẹ̀ tí koríko wà lórí rẹ̀ a máa mu omi òjò. Òrùlé páànù àti títì ọlọ́dà kì í mu ún. Wọ́n a tari rẹ̀ lọ sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé ti ń pọ̀ sí i lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ń sáré wá sí ìsàlẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tí a bá tún da pàǹtírí sójú odò, tí a sì kọ́lé dé etí bèbè, ọ̀nà omi ti há. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.

Orúkọ àdúgbò a máa ta ni lólobó. Ìsàlẹ̀ ni ìsàlẹ̀. Ibi tí a pè ní Odò Ọnà kò lè jìnnà sí omi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ nìkan, nítorí pé àdúgbò tí ń jẹ́ Òkè a máa ní ẹsẹ̀ òkè tirẹ̀. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tí ó wà nítòsí bóyá omi ti fi àmì sí i. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà bóyá wọ́n mọ odi kékeré síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá ìyá àgbà kan tí ń tajà ní ojúde rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, mà, omi a máa dé ìhín bí?"

"Ọmọ mi, ta ló rán ọ wá? Ilé tó wà nísàlẹ̀ yẹn lo fẹ́ rà? Ẹni tó ń gbébẹ̀ ṣáájú, orí tábìlì ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé bí òjò bá ti ń ṣú."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sí lẹ́nu ẹni tí ń ta ilé.

Ẹ kíyèsí i pé oṣù kẹjọ ni omíyalé méjèèjì tí mo dárúkọ ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá fi ilé hàn yín nínú ọyẹ́, ilẹ̀ ti gbẹ, odò kékeré sì ti di ipa ẹsẹ̀ lásán. Ẹ ní sùúrù títí òjò yóò fi rọ̀, kí ẹ sì tún lọ. Bákan náà, ẹni tí ó wo ilé ní ìgbà òjò nìkan kò lè mọ̀ bóyá kànga rẹ̀ a máa gbẹ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Òjò ni ó ń tú àṣírí àgbàrá, ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń tú àṣírí kànga.

BÍ WỌ́N TI Ń GBÉ NÍBẸ̀

Ẹ fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò náà ní ìgbà mẹ́ta, ó kéré tán: ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìsinmi, àti ní alẹ́. Ní àárọ̀ ẹ ó mọ bí ọkọ̀ ti ń ṣòro tó, àti bí ilé-ìwé ti jìnnà tó fún ẹsẹ̀ ọmọdé. Ní ọjọ́ ọjà ẹ ó mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì wà. Ní alẹ́ ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ iná, ẹ ó sì mọ̀ bóyá àwọn ọdẹ ń ṣọ́ àdúgbò.

Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ní ire àti àléébù tirẹ̀. Ní ìlú àtijọ́ ọjà kò jìnnà, aládùúgbò a sì máa mọ̀ bí ẹnìkejì rẹ̀ kò bá jí dáadáa. Ṣùgbọ́n a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kí mọ́tò tó dé. Bí ènìyàn bá ń ṣàìsàn lóru, èjìká ni a ó fi gbé e dé títì, ọkọ̀ panápaná kò sì lè dé ẹnu ọ̀nà. Ní ibi tí ìjọba là sílẹ̀ ọ̀nà fẹ̀, atẹ́gùn sì wà, ṣùgbọ́n owó ilé ibẹ̀ ga. Ní ẹ̀bá ìlú ilẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ojoojúmọ́, kànga gbígbẹ́ àti òpó iná lè jẹ owó tí a rò pé a fi pamọ́. Kí olúkúlùkù yan èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí ó sì yàn án pẹ̀lú ojú tí ó là.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín nìyí. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ ya àwòrán àdúgbò yín. Ẹ fi òkè, odò, ọjà, ilé-ìwé àti ọ̀nà sí i. Ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, àti ibi tí omi ti dé rí, kí ẹ sì fa ìlà síbẹ̀. Ẹ tọ́jú àwòrán náà dáradára. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan lè wá béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ilé kan ní àdúgbò yín yẹ ní rírà, ẹ ó sì ní ohun tí ẹ lè fi hàn án.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ń ta ilé a máa kánjú, a ní olówó mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí olówó mìíràn náà rà á bí ó bá fẹ́. Oṣù mẹ́fà tí ẹ fi mọ àdúgbò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín yóò fi gbé ibẹ̀.