YRI: Lẹ́tà Mẹ́ta Láti Ìbàdàn, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Rí Nǹkan Nínú Wọn

Tí ẹ bá ṣí àwọn fáìlì jẹ́nóòmù ènìyàn tó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi pàdé lẹ́tà mẹ́ta kan: YRI. Èmi ń rí i lójoojúmọ́, torí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ másítàs mi dá lé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Yorùbá ní Ìbàdàn. Ìdílé 30 ni, bàbá, ìyá àti ọmọ kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 90 lápapọ̀, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Àwọn yòókù wá láti Utah ní Amẹ́ríkà, láti Beijing àti láti Tokyo. Gbogbo wọn jẹ́ 270.

Ẹ̀jẹ̀ 90 yẹn ti rìn ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ó ṣòro kí ẹ rí ilé ìwádìí jẹ́nóòmù kan tí kò tíì fi YRI ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ní àdúgbò yín lè wà nínú rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ láé, torí wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ìbéèrè tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé: kí ni wọ́n wá rí nínú rẹ̀ tó kàn wá? Ìdáhùn tó dára jù tí mo mọ̀ wà nínú ìtàn iṣẹ́ obìnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà rárá.

Orúkọ rẹ̀ ni Pardis Sabeti. Wọ́n bí i ní Tehran, olú-ìlú Iran, ní 1975. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò níbẹ̀ ní 1978, kí ìjọba tó dojú dé, wọ́n sì fi Florida ní Amẹ́ríkà ṣe ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìṣirò, nínú eré tísà-àti-ọmọléèwé tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe, nítorí náà nígbà tí ó fi máa dé iléèwé, ìṣirò ti di eré fún un. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè ní MIT, ó jáde ní 1997, ó gba ẹ̀bùn Rhodes lọ sí Oxford, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2002, ó tún padà sí Harvard, ó di dókítà oníṣègùn ní 2006. Mo mọ̀ pé CV báyìí máa ń sú èèyàn kà. Ẹ má bínú, ibi tí mò ń lọ gan-an ló kù yìí.

Ẹ̀ka tó ń ṣe ni àwọn kan ń pè ní computational biology. Ká sọ ọ́ wẹ́rẹ́: jẹ́nóòmù ènìyàn jẹ́ lẹ́tà tó tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Kò sí ojú tó lè kà á tán, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán gbé ti ẹni 90 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó sì rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń kà á. Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni láti mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í. Ìbéèrè tí Sabeti bi í ni pé: ibo nínú ara wa ni àjàkálẹ̀ àrùn, oòrùn tàbí oúnjẹ ti fi ọwọ́ bà láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún díẹ̀ sẹ́yìn?

Ẹ jẹ́ kí n fi WhatsApp ṣàlàyé bó ṣe rí i. Ẹ mọ bí BC ṣe máa ń rìn. Ẹnì kan kọ ọ́, ẹlòmíràn fọ́wáàdì rẹ̀, ẹni kẹta gé ìdí rẹ̀ dànù, ẹni kẹrin fi àdúrà kún un. Bó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ekukáká ni ẹ ó fi rí ẹ̀dà méjì tó jọra délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni DNA náà ń ṣe. Ní ìran kọ̀ọ̀kan, èyí tí bàbá yín gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àti èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ á gé sí wẹ́wẹ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí ó tó kàn yín. Nítorí náà, tí àyípadà kan bá ti pẹ́ láàárín àwọn ènìyàn kan, àwọn lẹ́tà tó yí i ká á ti dàrú, á yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí BC kan lórí fóònù ìdajì ìlú, tí gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ ṣì bára mu dé orí kọ́mà àti ẹ̀mójì tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ ó mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ ọ́, ẹ ó sì mọ̀ pé nǹkan kan ló mú un yára tàn. Nínú DNA, ohun tó máa ń mú àyípadà yára tàn ni pé àwọn tó ní i ń yè, wọ́n sì ń bímọ, nígbà tí àwọn tí kò ní i ń kú. Ohun tí Sabeti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2002 nìyẹn: ọ̀nà ìṣirò tí a fi lè wọn bí àwọn lẹ́tà tó yí àyípadà kan ká ṣe gùn tó láìdàrú. Wọ́n dán an wò lórí G6PD, tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àyípadà kan nínú rẹ̀ ń dín agbára ibà ẹ̀fọn kù lára àwọn ará Áfíríkà. Ìṣirò náà tọ́ka sí i láìṣì.

Ní 2007, wọ́n wá tú ọ̀nà yìí sílẹ̀ sórí gbogbo jẹ́nóòmù, níbi tí HapMap ti ka ibi tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ènìyàn ti ń yàtọ̀ síra. Lára àwọn ará Yúróòpù, àwọn jíìnì tó jáde ni àwọn tó ń pinnu àwọ̀ ara. Lára àwọn ará Éṣíà, èyí tó kan irun àti òógùn ni. Lára YRI, lára àwọn ará Ìbàdàn tiwa, jíìnì kan tó ń jẹ́ LARGE ló ké jù.

Kí ni LARGE ń ṣe? Ó ń lẹ ṣúgà mọ́ prótéènì kan tó wà ní ìta sẹ́ẹ̀lì wa. Prótéènì yẹn gan-an sì ni fáírọ́ọ̀sì Lassa ń dì mú kó tó lè wọlé. Tí LARGE ò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní kọ́kọ́rọ́ tí Lassa lè lò. Jíìnì kejì tó jáde lára YRI, DMD, àwọn prótéènì tó ń bá ilẹ̀kùn yìí ṣiṣẹ́ lòun náà wà pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìgbà tí ayé kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Lassa ni 1969, ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ ìlú náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí àrùn yìí, tàbí ìbátan rẹ̀ kan, ti máa bá àwọn baba ńlá wa jà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Tí ẹ bá ń gbé ní Ọ̀wọ̀ tàbí níbòmíràn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eku àti Lassa kì í ṣe ìtàn. Ọdọọdún ni ẹ̀ẹ̀rùn ń gbé e dé.

Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n á dúró síbẹ̀. Ìwé ti jáde nínú Nature, kí la tún ń wá? Èrò tèmi ni pé ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé kò dúró. Kọ̀ǹpútà ń tọ́ka ni, kò lè jẹ́rìí. Láti mọ̀ bóyá LARGE ń gba ènìyàn lọ́wọ́ Lassa ní tòótọ́, ẹ nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn tí Lassa mú, àwọn tó yè àti àwọn tó kú, ẹ sì nílò ti àwọn tí kò mú. Lassa wà lára àwọn fáírọ́ọ̀sì tí wọn kì í gbà kí wọ́n tọ́jú láàyè àyàfi nínú láàbù tó ní ààbò tó ga jù. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ló lọ: ilé ìwòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó àti ilé ìwòsàn Kenema ní Sierra Leone. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, tó wá dá ilé ìwádìí ACEGID sílẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìmúra yẹn ló bá Ebola pàdé ní 2014. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Sabeti àti Kenema ka jẹ́nóòmù Ebola 99 láti ara aláìsàn 78. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ìwé ìròyìn kankan. Ó fi hàn pé láti ara ènìyàn sí ènìyàn ni àrùn náà ń rìn, kì í ṣe pé inú igbó ló ń jáde léraléra. Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde nínú Science ní oṣù kẹjọ, Ebola ti pa márùn-ún nínú àwọn tó kọ ọ́. Dókítà Sheik Humarr Khan, olórí iṣẹ́ Lassa ní Kenema, wà lára wọn. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù keje. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí. N kò tíì rí òmíràn tí orúkọ àwọn tó kọ ọ́ dà bí ojú oórì báyìí.

Ní oṣù keje kan náà ni Ebola wọ Èkó. Láàbù LUTH àti ti Happi ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ènìyàn 20 ló mú, 8 kú, nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ẹ̀dẹ yìí kan náà sì ni wọ́n ti ka jẹ́nóòmù kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré tí àrùn náà dé Nàìjíríà.

Ní 2015, Sabeti fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó lọ sí ìpàdé kan ní Montana, mọ́tò kékeré onítáyà mẹ́rin tí wọ́n fi ń gun òkè ta á sílẹ̀ sórí àpáta. Ìbàdí rẹ̀ fọ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì fọ́, ó fi orí ṣèṣe. Iṣẹ́ abẹ ni lórí iṣẹ́ abẹ. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. (Ó tún ń kọrin rọ́ọ̀kì o, òun ni akọrin ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Thousand Days. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé sáyẹ́ǹsì ò gba ìgbádùn, ẹ gbọ́.)

Ẹjọ́ LARGE wá ńkọ́? Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà tọ́ka, ní 2024, àbájáde ẹ̀jẹ̀ jáde nínú Nature Microbiology. Àwọn tí Lassa mú, 533. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn, 1,986. Ọdún méje ni wọ́n fi kó wọn jọ ní Nàìjíríà àti Sierra Leone. Lára àwọn ará Nàìjíríà, àwọn tó ní ẹ̀dà LARGE tí ìṣirò ti tọ́ka sí kì í sábà ní ibà Lassa tó àwọn yòókù. Lára àwọn ará Sierra Leone, wọn ò rí irú rẹ̀. Ibi méjì mìíràn nínú jẹ́nóòmù, lẹ́bàá GRM7 àti LIF, tún jọ pé wọ́n ní ọwọ́ nínú ẹni tí àrùn náà ń pa ní Nàìjíríà.

Ìdí tí Sierra Leone fi yàtọ̀ ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lé lórí báyìí. Ọ̀kan lára wa ní ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì Lassa tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, òótọ́ sì ni, ẹ̀yà kẹrin ló wà níbẹ̀. Èmi ń wò ó pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí kó jọ ò tíì pọ̀ tó fún irú ìbéèrè yìí, torí 533 kéré nínú iṣẹ́ jẹ́nóòmù. Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni kí Irrua, Ọ̀wọ̀ àti Kenema máa kó ẹ̀jẹ̀ jọ lọ, kí àwọn tó mọ kóòdù kọ sì wà nítòsí láti kà á. Ní ti YRI, ọ̀fẹ́ ni fáìlì rẹ̀ ṣì wà, ẹnikẹ́ni ló lè wà á sílẹ̀. Ẹ kàn rí i pé dátà yín pọ̀ o, kì í ṣe fáìlì kékeré.