Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ẹ Má Tíì Yìn Ín

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan ilé púpọ̀ láàrin wa. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà lókè àjà, ti bàbá tó ti re ibi àgbà ń rè. Ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ lóko, ọmọ wá ní kí òun nu ìbọn náà, kí òun máa fi dọdẹ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìpẹtà tí ojú rí kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Èyí tí ojú kò tètè rí ló ń gé ọdẹ ní ìka.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló ṣáájú. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé àṣẹ bàbá kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ ọmọ. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ẹni tó ni ìbọn ti kú. Ẹ bi wọ́n léèrè níbẹ̀ ẹni tí òfin gbà láyè láti tún un ṣe, nítorí kì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ ni òfin gbà fún.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ nu ún, ẹ kó gbogbo kátírìjì kúrò nínú yàrá. Ẹ dojú ìbọn kọ ibi tí ènìyàn kò sí, ẹ ṣí i, kí ẹ wo ojú méjèèjì. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ má ṣe lù ú o! Ẹ kà á sí ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ṣí, ẹ yọ igi iwájú, ẹ yọ ọ̀pá kúrò lára ìdí. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun idẹ tó to ojú ọ̀pá ni kí ẹ fi fọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà àkísà gbígbẹ, lẹ́yìn náà ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́. Sáńpépà kọ́ o. Epo pupa náà kọ́, yóò dì mọ́ àwọn irin inú rẹ̀ ni.

Ẹ wá gbé ọ̀pá sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ó yẹ kó máa dán. Bí ó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà, irin ti ń tán nìyẹn. Bí ẹ bá rí òjìji tó yí ká bí òrùka, ọ̀pá ti wú níbẹ̀, kò ṣeé yìn mọ́.

Ẹ wo ara ọ̀pá níta pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí ara wọn rí bí awọ òjòlá. Damascus ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi ọ̀já irin wé bí ẹni lọ́ okùn, wọ́n sì fi iná àti òòlù lù ú pọ̀. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún láyé ìgbà yẹn, agbára kátírìjì òde òní sì lè ya á. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ara ògiri ni kó wà.

Ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa ní òǹtẹ̀ ilé ìdánwò, London láti 1637 tàbí Birmingham láti 1813. Bí ẹ bá rí “NITRO PROOF”, a ti fi ẹ̀tù tuntun dán an wò nígbà náà. Òǹtẹ̀ kò sì mọ ohun tí ìpẹtà ti jẹ láti ìgbà yẹn wá.

Àwọn kan á ní kí alágbẹ̀dẹ fi ìbọn sínú iná, kó lè dúdú bíi tuntun. Ẹ gbà wá o! Òjé ni wọ́n sábà fi ń lẹ ọ̀pá méjèèjì àti irin àárín wọn pọ̀. Iná tó gbóná díẹ̀ ti tó láti yọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kátírìjì ló ń jani jù. Nọ́ńbà 12 túmọ̀ sí pé bí a bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí bọ́ọ̀lù 12, ọ̀kan nínú wọn ló bá ojú ọ̀pá mu. Nítorí náà nọ́ńbà 20 ló kéré jù. Bí ẹ bá ṣèèṣì fi kátírìjì 20 sínú ìbọn 12, yóò yọ́ wọlé lọ há síwájú, ẹ ó sì rò pé ojú náà ṣófo. Ẹni tó bá ti 12 tẹ̀lé e tó sì yìn ín, ọ̀pá yóò bẹ́ sí i lọ́wọ́. Òmíràn tún ni gígùn: ìbọn àtijọ́ púpọ̀ gba kátírìjì mìlímítà 65, ti òde òní sì sábà jẹ́ 70. Yóò wọlé o, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní àyè láti ṣí, agbára á sì pọ̀ jù.

Kí a so ìbọn mọ́ táyà ká fi okùn fà á kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pá tí kò bẹ́ lónìí lè bẹ́ ní ìyìn kẹwàá.

Bí ẹ bá nu ún tán, ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ọ́ìlì má baà ṣàn wọ igi ìdí, torí igi tó bá mu ọ́ìlì púpọ̀ a máa rọ̀. Ẹ tì í mọ́ àpótí, kí kátírìjì wà nínú òmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì jìnnà sí ọmọdé.