Fèrèsé Ilé Wa ní Lọ́kọ́jà

Òkè Patí dúró lẹ́yìn ìlú wa, Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè pàdé níwájú rẹ̀. Bí oṣù March bá sì dé, inú ilé a máa gbóná títí di ọ̀gànjọ́. Nítorí náà, bí ìdílé kan bá kó lọ sí ilé titun, tàbí tí ọmọ wa kan gbé ìyàwó, ohun tí wọn yóò ta sí fèrèsé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ohun tí àwa ń rí ni pé pálọ̀ ni owó máa ń bá lọ, nítorí ojú àlejò, nígbà tí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn kò ní nẹ́ẹ̀tì. Àwa ní kí a yí i padà.

YÀRÁ ÌSÙN. Ní ọdún 1841, àwọn ọkọ̀ òyìnbó gòkè Odò Ọya dé agbègbè wa yìí, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá, sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tí ń sẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, nítorí wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ni ó ń fa ibà. Ẹ̀rọ náà kò gbà wọ́n. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn. Ọdún 1897 ni Ronald Ross, ní ilẹ̀ Íńdíà, tó rí kòkòrò ibà nínú ara ẹ̀fọn. Afẹ́fẹ́ kò jẹ̀bi. Ẹ̀fọn ni ọ̀daràn.

Nẹ́ẹ̀tì ni ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kí ẹ̀fọn sì dúró síta. Kí káfíńtà kàn án mọ́ férémù igi tí kò fi àlàfo sílẹ̀. Bí ó bá ya, ẹ lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku rẹ̀. Síbẹ̀, kí ọmọ ọwọ́ má ṣe sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn èyí ni kọ́tìnì kàn. Bí fèrèsé bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ta aṣọ tí ó nípọn, kí télọ̀ rán aṣọ funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti dá oòrùn padà. Ẹ fà á pa ní ọ̀sán, ẹ ṣí i ní ìrọ̀lẹ́.

PÁLỌ̀. Ibí ni ẹwà wà. Adìrẹ Abẹ́òkúta dára, aṣọ tí àwọn obìnrin Ẹ̀bìrà ń hun ní Òkénè náà dára; ṣùgbọ́n oòrùn a máa ṣá aró, nítorí náà ẹ tẹ́ aṣọ sí wọn lẹ́yìn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Fèrèsé ni kí ẹ wọ̀n kí ẹ tó lọ sí ọjà. Bí fèrèsé bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, aṣọ tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ni yóò ṣẹ́po dáadáa. Ẹ fọ aṣọ òwú kí ẹ tó rán an, nítorí a máa súnkì. Ẹ má sì jẹ́ kí ó wọ́ nílẹ̀. Ẹni tí ń gbé etí odò kò tí ì gbàgbé omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022.

ILÉ ÌDÁNÁ ÀTI ILÉ ÌWẸ̀. Kọ́tìnì gígùn kò yẹ nítòsí sítóòfù tàbí gáàsì. Iná kì í mọ aṣọ olówó iyebíye. Nẹ́ẹ̀tì tó, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí bí a bá ń dáná. Ní ilé ìwẹ̀, gíláàsì tí a kò lè rí inú rẹ̀ sàn ju aṣọ tí yóò bu.

Ọ̀rọ̀ méjì kù. Bí irin tí a fi dènà olè bá wà lójú fèrèsé yàrá, kí ọ̀kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú, kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ so okùn fèrèsé sókè, kí ó má bàa kọ́ ọmọ lọ́rùn.

Bí owó kò bá tó ohun gbogbo, ẹ ra nẹ́ẹ̀tì yàrá ọmọ ní oṣù yìí. Àlejò yóò dúró de kọ́tìnì pálọ̀. Ẹ̀fọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.