Ta Ló Mú Ọkàn Fáráò Le?

Bí Ọlọ́run ló mú ọkàn Fáráò le, kí ló dé tó tún fìyà jẹ ẹ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ ṣì rántí olùwà gbólóhùn, àbí? Ẹ wá a nínú Ẹ́kísódù. Ní orí 8, ẹsẹ 15 àti 32, Fáráò fúnra rẹ̀ ni olùwà: òun ló mú ọkàn ara rẹ̀ le. Ìgbà tí ìyọnu kẹfà, ti eéwo, dé (9:12) la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé Olúwa mú un le. Origen ará Alẹkisáńdíríà ṣàlàyé pé oòrùn kan náà tó ń yọ́ ìda ló ń mú amọ̀ le. Síbẹ̀, Ọlọ́run ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní 4:21 pé òun yóò ṣe é. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ṣì wà.