Páìpù Afẹ́fẹ́ Tútù Lábẹ́ Bọ́ńnẹ́ẹ̀tì: Ṣé Ó Ń Dín Epo Kù Lóòótọ́?

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń wá gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn kò fi ní í máa mu epo jù. Lára ọgbọ́n tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ́tò máa ń dá ni pé kí wọ́n tú àpótí oníke tí asẹ́ afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi páìpù àti asẹ́ tó rí bí òkòtó dípò rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Àríwá Èkìtì gan-an. Ẹni tó bá ti gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé títí dé Òmùò, tàbí tó yà sí Ìdó lọ sí Ọ̀tùn, mọ̀ pé ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Èkìtì. Ọkọ̀ tó kún fún èrò àti ẹrù iṣu nílò agbára kó tó lè gun òkè. Ǹjẹ́ páìpù yìí lè fún un ní agbára náà? Ṣé yóò sì dín epo kù?

Mímí ni ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn. Bí epo bẹntiróòlù kílò kan yóò bá jó tán dáadáa, yóò lo afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bíi kílò 14.7. Ẹ́ńjìnnì onílítà méjì tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí awakọ̀ sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná pátápátá, lè fa afẹ́fẹ́ tó lé ní lítà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ìyẹn ju ohun tí dúrọ́ọ̀mù epo ńlá méjìlá lè gbà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá sì gbóná, ńṣe ló máa ń fẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ á dín kù. Èyí tó gbóná dé ìwọ̀n 60 fúyẹ́ ju èyí tó wà ní ìwọ̀n 30 lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, òtítọ́ ni pé afẹ́fẹ́ tútù máa ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ẹ ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín, kí ẹ wo ibi tí ẹnu àpótí asẹ́ náà kọjú sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ lókè táyà ló kọjú sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń wọlé. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti ro ti afẹ́fẹ́ tútù tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tú u dànù, tó fi asẹ́ òkòtó sílẹ̀ ní ìhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló fi rọ́pò tútù. Ariwo ẹ́ńjìnnì á pọ̀ sí i, awakọ̀ á sì rò pé agbára ló dé.

Ní ti epo, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ máa ń ka afẹ́fẹ́ tó wọlé, á sì tú epo tó bá a mu sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo náà á pọ̀. Agbára ni páìpù yìí lè mú wá. Ẹni tó ń retí pé yóò dín owó epo kù kò ní í rí i bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ Oak Ridge ní Amẹ́ríkà ṣe jáde lọ́dún 2009 pàápàá fi hàn pé asẹ́ tó dí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà mu epo sí i. Eré rẹ̀ ló ń dín kù.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ìlànà rẹ̀. Inú páìpù náà kò gbọdọ̀ há ju ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì lọ. Páìpù alumíníọ̀mù dára ju ike tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò lọ, nítorí ooru máa ń mú kí ike rọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú páìpù tí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kó sì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà á ṣi iye kà, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn. Ẹ fi páànù dí àárín asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fún gbogbo oríkèé rẹ̀ pinpin.

Ewu méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni eruku. Ọyẹ́ tó ń mú afẹ́fẹ́ tútù wá náà ló ń gbé eruku wá. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tàbí àwọ̀n lásán kì í ṣe asẹ́. Eruku tó bá ráyè wọlé yóò máa ha inú sílíńdà díẹ̀díẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa jó ọ́ìlì, tí yóò sì máa rú èéfín. Owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn ló kàn. Ewu kejì ni omi. Bí asẹ́ bá wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà, tí ọkọ̀ sì wọ àgbàrá òjò, ó lè fa omi mu. Omi kì í sì í ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Irin tó gbé písítìnì ló máa tẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ jẹun fi àpótí àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó ra asẹ́ tó bá a mu, kó sì tètè máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọgbà Ìkọ̀lé ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lè kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n wo ìgbóná afẹ́fẹ́ nínú àpótí asẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìta lọ, kò sí èrè tí páìpù tuntun fẹ́ mú wá. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.